Ilé Ìsinmi Lugard lórí Òkè Patti

Ilé Ìsinmi Lugard jẹ́ ilé kékeré àtijọ́ kan tí ó wà ní orí Òkè Patti, ní ìlú Lọ́kọ́jà, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogi, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. A kọ́ ọ fún Frederick Lugard, Kọmíṣọ́nà Àgbà àkọ́kọ́ fún Àríwá Nàìjíríà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba amúnisìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè náà. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Okun tí í ṣe Yorùbá, ka òkè náà mọ́ ilẹ̀ baba wọn.

Ohun tí ó sọ ilé náà di olókìkí ni ìtàn kan tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa rẹ̀. Ìtàn náà sọ pé ibẹ̀ ni Flora Shaw, aya Lugard, dúró sí tí ó fi wo ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, tí ó sì fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní orúkọ rẹ̀. Ìtàn yìí kò bá àkọsílẹ̀ mu. Orúkọ náà ti jáde nínú ìwé ìròyìn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1897, ọdún mẹ́ta ṣáájú kí Lugard tó di Kọmíṣọ́nà Àgbà, àti ọdún márùn-ún ṣáájú kí òun àti Shaw tó ṣe ìgbéyàwó.

Kí a má ṣe da ilé yìí pọ̀ mọ́ Lugard House, tí ó jẹ́ ilé ìjọba àti ibùgbé Gómìnà Ìpínlẹ̀ Kogi. Ìsàlẹ̀, láàárín ìlú Lọ́kọ́jà, ni ìyẹn wà.

Orúkọ

Ọ̀rọ̀ náà Patti wá láti inú èdè Núpé, èdè àwọn tí Yorùbá ń pè ní Tápà. Ohun tí pati túmọ̀ sí ní èdè náà ni òkè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú orúkọ ìlú Pàtígí ní Ìpínlẹ̀ Kwara, èyí tí ó túmọ̀ sí òkè kékeré. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe ibẹ̀ ní Òkè Patti ti sọ òkè lẹ́ẹ̀mejì ní èdè méjì. Irú èyí wọ́pọ̀ nínú orúkọ ibi. Bí àlejò bá dé ìlú kan tí ó gbọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe òkè wọn ní òkè lásán, ó lè rò pé orúkọ àbísọ òkè náà ni.

Orúkọ Lọ́kọ́jà náà ní ju àlàyé kan lọ. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ so ó mọ́ igi ìrókò, nígbà tí àwọn mìíràn wá ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ sínú èdè Haúsá. Àríyànjiyàn yìí fi hàn bí ìlú náà ti rí: ìlú tí Ọ̀wọ́rọ̀, Núpé, Haúsá, Ígálà àti Ebira ti pàdé, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ kí orúkọ ìlú náà sọ̀rọ̀ ní èdè tirẹ̀.

Ibi tí ó wà

Òkè Patti jẹ́ òkè tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí i tábìlì. Ó ga ju 400 mítà lọ sí ìtẹ́jú òkun. Òkúta iyanrìn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, òkúta onírin sì bo orí rẹ̀. Òkúta onírin yìí le ju ti abẹ́ rẹ̀ lọ, òun ni kò jẹ́ kí òjò àti ọ̀gbàrá fọ orí òkè náà lọ, tí ó fi tẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta fi orúkọ òkè yìí pe ìpele òkúta kan tí ó wà káàkiri agbègbè náà. Orúkọ Àgbájà, ìlú àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tí ó wà lórí òkè pẹrẹsẹ tí ó súnmọ́ ibẹ̀, ni wọ́n sì fún ìpele tí ó ní irin nínú.

Láti orí òkè náà ni ènìyàn ti lè rí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Odò Ọya ti rìn láti àwọn òkè ilẹ̀ Guinea. Odò Bẹ́núé ń bọ̀ láti ilẹ̀ olókè ti Adamawa ní Kamẹrúùnù. Àwọ̀ omi méjèèjì kì í bára mu ní àwọn àkókò kan nínú ọdún, a sì lè fi ojú rí ààlà wọn kí wọ́n tó dàpọ̀ kí wọ́n sì forí lé gúúsù lọ sí òkun. Ìran yìí ni ó mú kí ìtàn ìsọlórúkọ náà rọrùn láti gbà gbọ́.

Ìlú Kàbbà, tí ó jẹ́ ìlú àwọn Owé àti ìjókòó Ọbarò, wà ní nǹkan bí 80 kìlómítà sí ìwọ̀ oòrùn Lọ́kọ́jà.

Ìtàn

Ṣáájú Lugard

Àwọn ará Britain ti ń fojú sí ìpàdé odò yìí fún ìgbà pípẹ́ kí Lugard tó dé. Ní ọdún 1841, ìjọba wọn rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gba Odò Ọya wọlé. Wọ́n bá Attah Ígálà ṣe àdéhùn ní Ìdá, wọ́n sì gba ilẹ̀ ní ìpàdé odò láti dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀. Èrò wọn ni pé bí àwọn ènìyàn bá ń ta irè oko, òwò ẹrú yóò dópin. Samuel Àjàyí Crowther, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, wà nínú ìrìnàjò náà. Ibà kọlu àwọn òyìnbó, ó sì pa ju ogójì lọ nínú wọn láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n pa oko náà tì.

Ní ọdún 1854, William Balfour Baikie, tí ó jẹ́ dókítà nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, tún gba ọ̀nà kan náà. Ó mú kí àwọn tí ó bá a rìn máa lo oògùn kuiníìnì lójoojúmọ́ láìdúró de àìsàn, kò sì sí èyí tí ibà pa nínú wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1860, Baikie tẹ̀ dó sí Lọ́kọ́jà, ní ẹsẹ̀ Òkè Patti, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Masaba, ọba Bídà. Ó ra àwọn ẹrú kan, ó sì sọ wọ́n di òmìnira, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀. Ó kú ní Sierra Leone ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1864, nígbà tí ó ń padà sílé.

Ní gbogbo àkókò yìí, ilẹ̀ Okun wà nínú ìpọ́njú. Àwọn ọmọ ogun Bídà ń kó ẹrú ní Kàbbà, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú tí wọ́n ti ṣẹ́gun. Àwọn aṣojú Núpé máa ń gbé inú àwọn ìlú náà láti bójú tó ìṣákọ́lẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kó lọ sí orí òkè níbi tí ẹṣin kò lè dé. Nítorí èyí, òkè ní ìtumọ̀ méjì fún àwọn Okun. Ó jẹ́ ibùgbé àwọn ẹ̀mí, ó sì tún jẹ́ ibi ìsádi.

Oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1897

Ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company, tí George Goldie jẹ́ olórí rẹ̀, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba Britain ní ọdún 1886 láti máa ṣòwò kí ó sì máa ṣàkóso ní ẹ̀bá Odò Ọya. Lọ́kọ́jà di ibùdó àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1897, Goldie kó àwọn ọmọ ogun náà jáde láti bá Bídà jà. Kàbbà ni wọ́n kọ́kọ́ forí lé, nítorí pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun Núpé kan pàgọ́ sí ibẹ̀ lábẹ́ Makun, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ńlá Bídà. Nígbà tí wọ́n máa fi dé, àwọn ọmọ ogun Núpé ti kúrò ní ìlú. Goldie kéde pé agbára Núpé lórí àwọn ará ibẹ̀ ti dópin. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá kọjá sí Bídà, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní ìparí oṣù náà. Ní oṣù Èrèlé, wọ́n ṣẹ́gun Ìlọrin.

Nínú oṣù kan náà tí àwọn ọmọ ogun yìí ń rìn lọ sí Kàbbà ni orúkọ Nàìjíríà jáde nínú ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù.

Lugard àti olú-ìlú tí kò pẹ́

Ìjọba Britain gba ìwé àṣẹ kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ó sì san 865,000 pọ́n-ùn fún un. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1900, a sọ àsíá ilé-iṣẹ́ náà kalẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, a sì ta àsíá Britain sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ abẹ́ ààbò Àríwá Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀, tí Lugard sì di Kọmíṣọ́nà Àgbà rẹ̀.

Lọ́kọ́jà kò pẹ́ ní ipò olú-ìlú. Ìjọba kó lọ sí Jẹ́bà, lẹ́yìn náà ó kó lọ sí Zungeru ní ọdún 1902. Síbẹ̀, Lọ́kọ́jà wà gẹ́gẹ́ bí ibùdó ọkọ̀ ojú omi, àti gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú Kabba Province, agbègbè ìjọba tí a fi orúkọ Kàbbà pè.

Ilé náà

Ilé ìsinmi náà jẹ́ ilé onípele kan, tí páànù bo òrùlé rẹ̀. Kì í ṣe ààfin, kì í sì í ṣe ọ́fíìsì. A kọ́ ọ kí aláṣẹ lè rí ibi sinmi kúrò nínú ooru ìsàlẹ̀.

Ìdí tí ó fi wà lórí òkè ní í ṣe pẹ̀lú ìlera. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn òyìnbó gbà pé afẹ́fẹ́ búburú tí ń jáde láti inú irà ni ó ń fa ibà. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ibà, malaria, ní èdè Ítálì àtijọ́ gan-an nìyẹn. Ní oṣù Ògún ọdún 1897, ní ilẹ̀ Íńdíà, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn, èyí tí ó ṣínà sílẹ̀ fún ìmọ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n àṣà kíkọ́ ilé sí orí òkè kò dópin. Ó tilẹ̀ rí àtìlẹ́yìn tuntun, nítorí pé ẹ̀fọn kì í pọ̀ níbi tí ó ga tí kò sì ní irà. Ní Freetown, àwọn aláṣẹ dá àdúgbò kan sílẹ̀ lórí òkè fún àwọn òyìnbó nìkan ní ọdún 1904. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn ilé tí ó wà lórí Òkè Patti: kí aláṣẹ jìnnà sí ibà, kí ó jìnnà sí àwọn tí ó ń ṣàkóso, kí ó sì máa wo wọ́n láti òkè.

Àròsọ nípa ìsọlórúkọ Nàìjíríà

Ohun tí a ń sọ

Bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń sọ ìtàn náà nìyí: Lugard àti Flora Shaw wà ní iwájú ilé ìsinmi lórí òkè. Obìnrin náà wo odò ńlá tí ó ṣàn nísàlẹ̀, ó wo ilẹ̀ tí ó yí i ká, ó sì wí pé kí a máa pe ibẹ̀ ní ‘Niger area’, tí ó sì di Nigeria. Àwọn kan fi ọdún 1914 sí i, ọdún tí Lugard da Àríwá àti Gúúsù pọ̀.

Ohun tí àkọsílẹ̀ sọ

Flora Shaw, tí a bí ní ọdún 1852, jẹ́ oníròyìn kí ó tó di aya Lugard. Òun ni olóòtú ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ amúnisìn fún ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù, ipò tí ó ṣọ̀wọ́n fún obìnrin ní ìgbà ayé rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1897, ó kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn náà. Ó dábàá pé kí a máa lo orúkọ kúkúrú kan, Nigeria, dípò orúkọ gígùn tí a fi ń pe àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Royal Niger Company.

Kókó mẹ́rin ni ó fi hàn pé orúkọ náà kò lè wá láti orí Òkè Patti:

1. Ọdún 1897 ni àpilẹ̀kọ náà jáde, Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì ti jáde.
2. Ọjọ́ 10 oṣù Òkúdù ọdún 1902 ni Shaw àti Lugard ṣe ìgbéyàwó, ní erékùṣù Madeira. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Shaw bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Zungeru, ṣùgbọ́n àìsàn mú un, ó sì padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù díẹ̀.
3. Nígbà tí a ta àsíá Britain sókè ní Lọ́kọ́jà ní ọdún 1900, orúkọ tí ìjọba fi pe ilẹ̀ náà ni Northern Nigeria. Nítorí náà orúkọ náà ti wọ inú òfin kí Shaw tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Àríwá gẹ́gẹ́ bí aya aláṣẹ.
4. Ìdàpọ̀ ọdún 1914 kò dá orúkọ tuntun sílẹ̀. Àríwá Nàìjíríà àti Gúúsù Nàìjíríà ni a dà pọ̀, orúkọ náà sì ti wà nínú méjèèjì.

Bí Shaw tilẹ̀ gun òkè náà ní ọjọ́ kan, orúkọ tí ó ti dàgbà ni ó gbé dé ibẹ̀.

Ó tún yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun mìíràn nínú àpilẹ̀kọ ọdún 1897 náà. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí ni Shaw ní lọ́kàn. Ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ Goldie nìkan ni. Ó fẹ́ kí orúkọ tuntun náà ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára Èkó àti ilẹ̀ abẹ́ ààbò tí ó wà ní etí òkun. Nípa bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dábàá orúkọ náà, Lọ́kọ́jà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Èkó kò sí níbẹ̀.

Ní ti ‘Niger area’, ọ̀rọ̀ tí a wá fi ṣàlàyé lẹ́yìn náà ni. Ìparí -ia tí ó wà nínú Nigeria jẹ́ ìparí tí àwọn èdè Yúróòpù jogún láti inú èdè Látìnì, tí wọ́n fi ń sọ ilẹ̀ lórúkọ. Irú rẹ̀ wà nínú Rhodesia, orúkọ tí a fún ilẹ̀ Cecil Rhodes ní Gúúsù Áfíríkà láàárín ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Àwọn kan tilẹ̀ dá a lábàá pé kí a pe ilẹ̀ Goldie ní Goldesia, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi orúkọ Rhodes pe tirẹ̀.

Bí àròsọ náà ṣe gbilẹ̀

Ìtàn náà kì í ṣe irọ́ tí a dédé hun. Ohun òtítọ́ mẹ́ta ni a so pọ̀ nínú rẹ̀. Òtítọ́ ni pé Shaw ni ó dábàá orúkọ náà. Òtítọ́ ni pé ó di aya Lugard. Òtítọ́ sì ni pé Lugard ní ilé lórí òkè tí a ti ń wo odò tí a fi sọ ilẹ̀ náà lórúkọ. Ẹni tí ó mọ ohun mẹ́ta yìí láìmọ ọdún wọn yóò so wọ́n pọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ìdí kejì wà nínú àṣà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ tí a sọ ilẹ̀ kan láti ọ̀nà jíjìn, lórí tábìlì ìwé ìròyìn, láti ọwọ́ ẹni tí kò bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kò bá àṣà yìí mu. Nínú ìtàn orí òkè, ó kéré tán, ẹni tí ó sọ orúkọ náà wo ilẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Bóyá ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún wa láti fẹ́ràn ìtàn náà ju àkọsílẹ̀ lọ.

Lọ́kọ́jà nìkan kọ́ ni ó ń fi ilé kan ṣe ẹlẹ́rìí ìbí Nàìjíríà. Ní Ìkọt Abasi, Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, ilé kan wà tí a ń pè ní ilé ìdàpọ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ so mọ́ ìdàpọ̀ ọdún 1914. Zungeru náà ń bèèrè ipò yìí. Èkó ni a ti kéde ìdàpọ̀ náà ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1914.

Àwọn ibojì àlejò

Lára ohun tí ó fún Lọ́kọ́jà ní orúkọ ìlú tí òkú pọ̀ sí ni àwọn ibojì tí ó wà nísàlẹ̀ òkè. Ibojì àwọn òyìnbó wà níbẹ̀, tí a sin àwọn ọmọ ogun, àwọn oníṣòwò àti àwọn míṣọ́nnárì sí. Ibojì àwọn ọba tí a rọ̀ lóyè náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ́gun ìlú ní Àríwá, wọ́n máa ń lé ọba tí ó bá kọ̀ wọ́n kúrò ní ìlú rẹ̀, Lọ́kọ́jà sì wà lára ibi tí wọ́n ń kó wọn wá. Abubakar ti Bídà, Kwasau ti Zaria àti Aliyu ti Kano wà lára wọn. Aliyu kú sí Lọ́kọ́jà ní ọdún 1926, ó ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn tí ó ti pàdánù ìtẹ́ rẹ̀.

Abubakar ti Bídà yìí ni ọba tí ó wà lórí oyè nígbà tí àwọn ọmọ ogun Goldie wọ Kàbbà. Ìlú tí ogun náà ti gbéra ni ó wá di ilé ìgbèkùn rẹ̀.

Ilé ahoro àti ẹ̀mí nínú ìgbàgbọ́ Okun àti Yorùbá

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ohun tí ó lè máa gbé inú ilé tí ènìyàn ti fi sílẹ̀, wọn kò sì túmọ̀ sí ohun kan náà. Iwin jẹ́ ẹ̀mí inú igbó, igi ńlá tàbí àpáta. Kò jẹ́ ènìyàn rí. Ẹbọra jẹ́ ẹ̀mí alágbára tí a lè máa bọ. Àǹjọ̀nnú jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó bá ẹ̀sìn Mùsùlùmí wọ èdè Yorùbá, tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ èdè Lárúbáwá. Àkúdàáyà ni ẹni tí ó kú tí ó sì tún ń gbé ayé ní ìlú mìíràn, níbi tí a kò ti mọ̀ pé ó ti kú. Bí a bá sọ pé òkú ń yọ nínú ilé kan, ẹni tí ó ti gbé inú ilé náà rí ni a ń sọ. Bí a bá sọ pé iwin ń gbé ibẹ̀, ohun tí ó ti wà lórí ilẹ̀ náà ṣáájú ilé ni a ń sọ.

Láàárín àwọn Okun, ẹbọra ṣe pàtàkì púpọ̀. Ní Bùnú, orí òkè, inú omi àti inú igbó ni a gbà pé àwọn ẹbọra ń gbé, aṣọ funfun sì ní ipò nínú bíbọ wọ́n. Láàárín àwọn Owé ní Kàbbà, ẹgbẹ́ obìnrin kan wà tí à ń pè ní Ofosi. Ẹ̀mí máa ń gun àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí, wọ́n sì ní èdè ìkọ̀kọ̀ tiwọn tí ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kò gbọ́.

Gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ yìí, òkè kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé sí orí rẹ̀ ní láti bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń bá àwọn olúwa ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ilé tí àjèjì kọ́ sí orí òkè, tí ó gbé inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí ó sì fi sílẹ̀ lọ, ní gbogbo ohun tí Yorùbá fi ń mọ ilé ahoro. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ilé ìsinmi náà tí ó ń bá àwọn àlejò lọ sílé kì í ṣe iwin. Ìtàn ni.

Ipò rẹ̀ nínú ìtàn àwọn Okun

Okun ni orúkọ àpapọ̀ fún Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìkíni tí gbogbo wọn ń lò ni a fi sọ wọ́n lórúkọ. Orúkọ yìí yàtọ̀ pátápátá sí orúkọ Nàìjíríà: ẹnu àwọn ènìyàn náà fúnra wọn ni ó ti wá, láti inú bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn.

Nígbà tí ìjọba Lugard bẹ̀rẹ̀, a pín ilẹ̀ Okun sí Àríwá, a sì yà á kúrò lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá tí ó wà ní Èkìtì, Àkókó àti ìyókù Gúúsù. Ìpín náà kò yí padà ní ọdún 1914, kò sì yí padà nígbà òmìnira ní ọdún 1960. Ní ọdún 1967, ilẹ̀ Okun bọ́ sínú ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún ọdún 1991, ó bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Kogi, pẹ̀lú Ígálà àti Ebira. Lónìí, Okun wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kabba/Bunu, Ijumu, Yagba East, Yagba West àti Mopa-Muro, àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́kọ́jà. Ọ̀rọ̀ pé àwọn jẹ́ Yorùbá ní Àríwá kò tíì kúrò nínú ìṣèlú wọn.

Fún ìdí èyí, ìtàn tí a ń sọ nípa ilé orí òkè náà kò dúró ní ti ilé nìkan. Bí a bá sọ ìtàn Shaw àti ìran odò nìkan, ilẹ̀ náà dà bí ẹni pé ó ṣófo kí àwọn méjèèjì tó dé. Bí a bá sọ ìtàn oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1897 ní kíkún, a óò rí i pé àwọn ènìyàn wà níbẹ̀, pé ogun wà lọ́rùn wọn, àti pé orúkọ tuntun àti ìjọba tuntun dé bá wọn ní oṣù kan náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè.

Ní òde òní

Òkè Patti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń lọ jùlọ ní Ìpínlẹ̀ Kogi. A lè fi ẹsẹ̀ gùn ún, ọ̀nà ọkọ̀ sì dé orí rẹ̀. Àwọn òpó ìbánisọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, igi osè ńlá sì wà tí àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń wá wo ilé náà pẹ̀lú àwọn ohun ìrántí mìíràn ní ìlú, bí i ọwọ̀n irin méjì tí ó sàmì sí ibi tí a ti ń dá ẹrú sílẹ̀, àti ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity, tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ iṣẹ́ Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì rẹ̀.

Àwọn ọjọ́ pàtàkì

- 1841: Àwọn ọkọ̀ ojú omi Britain dé ìpàdé odò, oko àwòkọ́ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sì kùnà.
- Nǹkan bí 1860: Baikie tẹ̀ dó sí Lọ́kọ́jà.
- 1886: Ilé-iṣẹ́ Goldie gba ìwé àṣẹ ìjọba Britain.
- Oṣù Ṣẹẹrẹ 1897: Àwọn ọmọ ogun Goldie wọ Kàbbà, ní ọjọ́ 8 oṣù náà, Shaw dábàá orúkọ Nigeria nínú The Times.
- Ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹẹrẹ 1900: A kéde ilẹ̀ abẹ́ ààbò Àríwá Nàìjíríà ní Lọ́kọ́jà.
- Ọjọ́ 10 oṣù Òkúdù 1902: Lugard àti Shaw ṣe ìgbéyàwó ní Madeira.
- Ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹẹrẹ 1914: Ìdàpọ̀ Àríwá àti Gúúsù.
- 1929: Flora Shaw kú.
- 1945: Lugard kú.
- Ọjọ́ 27 oṣù Ògún 1991: A dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, Lọ́kọ́jà sì di olú-ìlú rẹ̀.